Àjò Kì í Dùn Kónílé Má Relé: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Tó Fẹ́ Jáde fún Káńsẹ́lọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mí, ọmọ ọdún 43, mo ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ Àsàláátù wa. Àwọn ará wọ́ọ̀dù wa ní kí n jáde fún káńsẹ́lọ̀ nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ mi ò sọ pé kí n má ṣe é, kò sì sọ pé kí n ṣe é. Alfa wa ní ẹni tó bá ń wá ipò kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi sì ń bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé rẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pé o kò béèrè ọ̀nà tí o máa gbà wọlé lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́, ilé àti ẹ̀sìn lo béèrè. Inú mi dùn sí i, torí láti ọdún 2007 tí mo ti ń bá àwọn obìnrin tó fẹ́ dupò ní ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, bí wọ́n ṣe máa borí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wá. Bí wọ́n ṣe máa padà sílé lẹ́yìn rẹ̀, ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ kí wọ́n tó rántí.

Ohun tí mo ní í sọ fún ọ ò ju ìyẹn lọ: ọ̀nà àbọ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ọdún mẹ́ta ni sáà káńsẹ́lọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa. Ti Èkó jẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí sáà bá tán, ọkọ rẹ á ṣì wà, àwọn ọmọ á ti ga sí i, àwọn obìnrin Àsàláátù á ṣì máa pàdé láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, owó oúnjẹ á sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ lóṣooṣù. Bí o bá fẹ́ kí gbogbo wọn gbà ọ́ padà, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé o ń lọ, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí o ń bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Grade Two. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi, a kì í sì í jà lórí rẹ̀ nílé wa. Ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun. Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ ọkọ mi. Nígbà tí Abacha kú ní June 1998, tí ìjọba Abdulsalami Abubakar sì ní àwọn máa gbé àṣẹ fún alágbádá, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣáájú gbogbo ìdìbò yòókù. Ọjọ́ Sátidé, 5 December 1998, ni a dì í, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 19 ni èmi náà ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, bíi tìrẹ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ fi wọ̀ mí lára.

Ọkọ mi ló tẹ pósítà mi, láwìn. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ka ìbò, a jókòó ti àtùpà. Íǹkì ìdìbò wà ní àtàǹpàkò mi, íǹkì ìtẹ̀wé wà ní gbogbo èékánná tirẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní, "Tèwo ló máa kọ́kọ́ fọ̀ kúrò?" A rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè ló bi mí.

Ọdún 1999 tí ìjọba alágbádá dé ni wọ́n búra fún wa. Kò pé oṣù kan tí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa fi di ti àlejò. Kí n tó kírun Àsùbáà tán, wọ́n ti jókòó: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún àbúrò rẹ̀, bàbá àgbàlagbà tó kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé èmi lòun dìbò fún. Mo máa ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ dìde lọ, mo wá ní, "Ó kan ta ni?" Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, ló nawọ́ sókè. Ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù, ó jókòó sáàárín àwọn àlejò, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀. Tíṣà ní kí òbí buwọ́ lù ú. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń gbé e kiri. Mo buwọ́ lù ú. Ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣeun mà" gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì lọ sílé ìwé.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Lálẹ́, èmi àti ọkọ mi jókòó, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sí àyè rẹ̀: kò sí àlejò nílé mọ́ láàárọ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsàrí, ní gbọ̀ngán àdúgbò, ni mo ń rí àwọn ènìyàn. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní mo ti di ẹni ńlá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó mọ́ wọn lára. Nítorí náà, kó o tó jáde rárá ni kí o ti wá ibi tí o ti máa rí àwọn ènìyàn, kó má jẹ́ pálọ̀ rẹ, kó má sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Ohun tó rọrùn láti ṣe lọ́jọ́ kìíní máa ń di ìjà bí o bá dúró di ọjọ́ ọgọ́rùn-ún.

Ó wá kan bàbá àwọn ọmọ. O ní kò sọ pé kí o má ṣe é, kò sì sọ pé kí o ṣe é. Àbúrò mi, má pe ìyẹn ní ìyọ̀ǹda. Ẹ̀rù ló wà nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tó máa ń wà níkùn wọn. Ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n máa ń pè é, ó sì lè di aago méjìlá. Ta ló máa sìn ọ́ lọ? Ta ló máa sìn ọ́ bọ̀? Kí ni òun máa sọ fún ìyá òun nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ní wọ́n rí ìyàwó òun lọ́wọ́ òru nínú mọ́tò ọkùnrin kan? Owó wo ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Ta ló máa gba ọmọ kékeré nílé ìwé? Àwọn kan tún wà tí kò dùn mọ́ nínú kí wọ́n máa pe àwọn ní "ọkọ káńsẹ́lọ̀" bíi pé wọn ò lórúkọ.

Bi í ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ fúnra rẹ. Má fi ọ̀rẹ́ tàbí ìyàwó ilé ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá dáhùn wọn, kódà kí ìdáhùn kan jẹ́ "rárá", o ti ní ibi tí o lè dúró sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́ fún ìyá, kó má jẹ́ ìwọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́, torí níbẹ̀ ni mo ti ṣìṣe jù.

Abala 107 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ dupò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí fẹ̀yìn tì, ó kéré tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Abala 7 sì so ẹ̀tọ́ láti dìbò àti láti dupò ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ti ilé ìgbìmọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n INEC kọ́ ló ń ṣètò ìdìbò káńsù, àfi ní Àbújá. Àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ ni, irú LASIEC ní Èkó àti OYSIEC ní Ọ̀yọ́. Òfin ìpínlẹ̀ yín àti ìwé ìtọ́nisọ́nà àjọ náà lè béèrè ju ohun tó wà nínú ìwé òfin lọ. Gba ìwé náà, kà á fúnra rẹ. Má gba ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù gbọ́.

Kí o forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú nígbà tí o ṣì ń kọ́ni, ìyẹn ò lòdì sí òfin. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn ní 2003. O kò sì lè yẹra fún un, torí òfin wa kò fàyè gba kí ènìyàn dá dupò láìsí ẹgbẹ́. Dídupò gan-an ló máa mú kí o kọ̀wé.

Nígbà tí o bá kọ ọ́, ẹ̀dà méjì ni kí o mú lọ. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan pẹ̀lú déètì kí o tó kúrò níbẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó borí nínú ìdìbò, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ti kọ̀wé lóòótọ́. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ló fi lé, kò gba ẹ̀dà kankan padà. Oṣù mẹ́jọ ló fi wá ìwé yẹn kiri.

Ní báyìí, ka ọdún rẹ dáadáa. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí olùkọ́ máa fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65 tàbí lẹ́yìn ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìpínlẹ̀ yín bá ti gba òfin náà wọlé, ọdún 21 ló kù ọ́. Ọdún 21 ni o fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọdún mẹ́ta. Mi ò ní kí o má ṣe é o. Mo ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìwé, kí o wò wọ́n pa pọ̀. Bí ìpínlẹ̀ yín bá wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dáwó sí, rántí pé ọmọ ọdún 50 ni ilẹ̀kùn àkáùǹtì yẹn tó ń ṣí dáadáa. Ẹni tó bá kúrò ṣáájú, ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ ló lè gbà, ìyẹn bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Má fi owó yẹn sínú ìṣirò ìpolongo.

Nǹkan kan wà tí ènìyàn kì í rántí: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Bí o bá jẹ wọ́n lówó, inú owó oṣù rẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá dúró, gbèsè náà ò ní dúró, ilé àwọn onídùúró rẹ ló máa gbà lọ. Olùkọ́ bíi tìrẹ ni wọ́n. San án tán kí o tó kọ̀wé, tàbí kí o lọ bá wọn jókòó.

Tèmi ńkọ́? Gírátúítì mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí sáà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó jáde. Nígbà tí sáà wa parí ní 2002, wọ́n fi ìgbìmọ̀ onífìdíhẹ sípò káńsù, kò sì sí ìdìbò títí di March 2004. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sí ní káńsù, mi ò sì ti múra sílẹ̀ fún ohunkóhun. Iwájú ìsọ̀ ìtẹ̀wé ọkọ mi ni mo tẹ́ ẹní sí, tí mo ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Láti ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí mo ní lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ro ó ní 1998, a ò bá má ti jẹ gbèsè ọdún kan àtààbọ̀ yẹn. Ìwọ, má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí TRCN rẹ, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kú. Máa tún un ṣe bó ti yẹ nígbà tí o bá wà ní káńsù. Òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbà kí ẹni tó wà nípò ìjọba lójoojúmọ́ máa darí okòwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wà, dáko.

Ọ̀rọ̀ Alfa yín. Má ṣe bínú sí i, má sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù, torí orí ohun tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló dúró lé. Hàdíìsì wà nínú Bùkárì àti Músílíìmù pé Ànábì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ fún Abdur-Rahman ọmọ Samurah pé kó má tọrọ ipò àṣẹ. Bí wọ́n bá fún un látàrí pé ó tọrọ, wọ́n á fi òun àti ẹrù náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún un láìtọrọ, yóò rí ìrànwọ́. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà ọ́ díẹ̀ bí o bá gbọ́ ọ. Ó bà mí. Ṣùgbọ́n nínú Súrà Yúsúfù, ẹsẹ 55, Ànábì Yúsúfù fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọba pé kó fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà, pé òun mọ ìtọ́jú, òun sì ní ìmọ̀. Àwọn onímọ̀ kan fi ẹsẹ yìí ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó mọ̀ pé òun lè tọ́jú ohun aráàlú lè sọ ọ́ jáde. Lọ bá Alfa ní ìrọ̀lẹ́ kan, má lọ fa ọ̀rọ̀ níwájú èrò. Sọ fún un pé àwọn ará wọ́ọ̀dù ló wá bá ọ, kí o sì bi í ní ohun tí ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ yẹ kó ṣe. Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ máa yàtọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé obìnrin Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlú, rántí Alhaja Humuani Àlàgá ní Ìbàdàn. Oníṣòwò aṣọ ni. Ó dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1958, nígbà tó sì di 1964, ẹgbẹ́ náà ti ní ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin. Obìnrin tó ń kírun ni, ó ń tajà, ó sì ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ipò akápò rẹ ló ń ba èmi lẹ́rù. Fi í sílẹ̀ kí o tó gba fọ́ọ̀mù. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni olórí Àsàláátù wa ní 1998, mo sì rò pé àwọn obìnrin mi ni ìbò mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkọ àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Àpò ìrẹsì kan dé láti ọ̀dọ̀ olóṣèlú kan, wọ́n ní ká pín in lẹ́yìn àdúà, mo sì gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ inú mọ́sáláásí, mo ní "Àsàlámù aláékùm." Ìlà iwájú dáhùn. Ìlà kejì ń wo ẹní. Obìnrin mọ́kànlá ló kúrò lọ́dọ̀ wa kí ọdún yẹn tó parí, mẹ́rin nínú wọn ni kò padà títí di òní. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ń sọ ọ́, ó ṣì ń dùn mí ju gbogbo ohun tí mo pàdánù níbi òṣèlú lọ.

Nítorí náà, ka owó ẹgbẹ́ níwájú gbogbo wọn, kọbọ̀ kọbọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn gbà á, kí ẹni méjì jẹ́rìí. Sọ fún wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni ọ́ títí sáà yóò fi tán, àti pé kò sí ẹ̀bùn olóṣèlú tí a máa pín lórí ẹní ìrun, tìrẹ náà pẹ̀lú. Súrà An-Nisáì, ẹsẹ 58, ní kí a dá àmáánà padà fún àwọn tó ni ín. Owó yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Nípa ẹgbẹ́ òṣèlú, mi ò ní sọ púpọ̀. Ó kàn jẹ́ pé bàbá ìsàlẹ̀ kan á ránṣẹ́ pè ọ́. Nígbà tèmi, mẹ́ta ni wá tí wọ́n pè lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ wa ti wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé ló kù. Ọkọ mi ló sìn mí lọ. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni, ó gba lẹ́tà náà, ó wò ó wò ó, ó ní, "Kò sí déètì níbí." Lẹ́tà ìkọ̀wéfipòsílẹ̀ ni. Bí o bá ti buwọ́ lu irú rẹ̀, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa kọ déètì sí i. A kọ̀, a dìde. Ó ná mi ní nǹkan: ní gbogbo ọdún mẹ́ta, wọn ò fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ kankan ní káńsù. Ṣùgbọ́n wọn ò lè lé mi. Má lọ síbi kankan lóru láìsí ẹni tó lè bá ọ kàwé.

Owó fọ́ọ̀mù àti ìpolongo, kọ iye tí o lè pàdánù láìsí ìjà nílé, kí o dúró síbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bóyá wọ́n ń dín owó kù fún obìnrin. Àwọn kan máa ń ṣe é. Má fọwọ́ kan owó èsúsú ẹlẹ́ni kan.

Kí ni káńsẹ́lọ̀ lè ṣe gan-an? Àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ á rò pé owó títì àti owó iná wà lọ́wọ́ rẹ. Kò sí lọ́wọ́ rẹ. Àfikún kẹrin ìwé òfin ló ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, kíkó ìdọ̀tí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, pẹ̀lú ọwọ́ tí káńsù ní nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ní ilé ìgbìmọ̀ káńsù, iṣẹ́ tìrẹ ni láti ṣòfin káńsù, láti wo ìṣúná owó kí o tó gbà á, àti láti bi alága pé ibo lowó wà. Sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó dìbò fún ọ. Àwọn kan á kúrò lẹ́yìn rẹ. Àwọn tó bá kù ni tìrẹ.

Ààtàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ni rí. Bí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, kòkòrò a sì máa tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde nílé ìgbìmọ̀. Oṣù 14 ló gbà kí wọ́n tó kó o kúrò, kí wọ́n sì mọ odi sí ibẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ń kọjá, tí mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, ara mi máa ń yá.

Nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ìgbà tiwa. Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú káńsù tí aráàlú dìbò yàn ká, pé ìgbìmọ̀ onífìdíhẹ kò bá òfin mu, àti pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Bí owó náà ṣe ń dé káńsù tìrẹ, akápò káńsù ni kí o lọ bi. Ìdájọ́ yẹn fún ọ ní ohun tí àwa kò ní, ìyẹn ìdánilójú pé ẹni tó bá wọlé yóò lo sáà rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Bí o bá sì wọlé, gbàrà tí o bá ti gba ipò ni kí o kéde ohun ìní rẹ fún àjọ tó ń bójú tó ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba; wọ́n á tún ní kí o kéde rẹ̀ bí sáà bá parí. Kọ tìrẹ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí: ilẹ̀, wúrà, gbogbo rẹ̀.

O kò tíì pẹ́, o kò sì gbọdọ̀ kánjú. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lọ sí ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ yín, béèrè ọjọ́ ìdìbò àti ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ka ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn, kí o tún fi oṣù kan lé e, torí pé àwọn ọ́fíìsì wa kì í yára; déètì lẹ́tà rẹ nìyẹn. Kó tó di ọjọ́ náà, kí gbèsè alájẹṣẹ́kù ti kúrò nílẹ̀, kí àpò Àsàláátù ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kí o tó jáde nílé rárá, bá ọkọ rẹ jókòó lálẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bí ó bá ti sọ tẹnu rẹ̀, kọ̀wé sí mi padà, kí o sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an.